Adékúnlé Wo, Bọ́lá Wo, Táíwò Wo? Ìdáhùn sí Ìbéèrè Ẹ̀yin Òǹkàwé

Èyí tí ó pọ̀ jù nínú lẹ́tà tí ẹ kọ sí wa ní oṣù yìí dá lórí àwọn ènìyàn pàtàkì tí wọ́n ń jẹ́ orúkọ kan náà. A yọ̀ǹda gbogbo ojú ìwé yìí fún un, nítorí pé ọ̀ràn náà ká wa lára. Bí a bá sọ ẹni méjì di ẹnì kan, ọ̀kan nínú wọn ni a fi iṣẹ́ tí ó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe dù, ìkejì ni a sì gbé ìyìn tàbí ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀ rù.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú wa. Ìtàn ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan. Láìpẹ́ yìí, kíláàsì mi pín sí méjì lórí ọ̀rọ̀ Ọ̀gágun Adékúnlé. Apá kan ní Ìbàdàn ni wọ́n ti pa á pẹ̀lú Aguiyi-Ironsi. Apá kejì ní irọ́ ni, pé òun gan-an ni ó kó àwọn ọmọ ogun wọ Port Harcourt nígbà Ogun Abẹ́lé. Ọ̀rọ̀ apá wo ni kí n gbà? (Olùkọ́ kan, Òkè-Fìà, Òṣogbo)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, Olùkọ́ wa. Apá méjèèjì ni ó ń sọ òótọ́, àmọ́ ológun méjì ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ wọn láìmọ̀.

Èyí tí ó kú ní Ìbàdàn ni Francis Adékúnlé Fájuyì, ọmọ Adó-Èkìtì, tí wọ́n bí ní 1926. Ó wọ iṣẹ́ ológun ní 1943, ó sì wà lára àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà tí wọ́n lọ pẹ̀tù sí wàhálà ilẹ̀ Congo lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, níbi tí ìwà akin rẹ̀ ti mú kí wọ́n fi àmì ẹ̀yẹ Military Cross dá a lọ́lá. Nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba ní oṣù kìíní ọdún 1966, òun ni wọ́n fi ṣe gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn. Ní oṣù keje ọdún náà, Aguiyi-Ironsi tí í ṣe olórí ìjọba wá sí Ìbàdàn, ó sì wọ̀ sílé ìjọba lọ́dọ̀ Fájuyì. Ní ọjọ́ 29 oṣù náà, àwọn ṣójà tí wọ́n dìtẹ̀ wá mú àlejò, wọ́n mú onílé mọ́ ọn, wọ́n sì pa àwọn méjèèjì ní ẹ̀bá Lálúpọn, lẹ́yìn odi Ìbàdàn. Ohun tí ọ̀pọ̀ Yorùbá mọ Fájuyì mọ́ títí di òní ni pé kò jọ̀wọ́ àlejò rẹ̀ kí orí tirẹ̀ lè yọ. Ẹni tí irú ìtàn bẹ́ẹ̀ jẹ́ tirẹ̀ kò yẹ kí a máa ti orúkọ rẹ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn.

Èyí tí ó wọ Port Harcourt ni Benjamin Adékúnlé. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá rẹ̀, ọmọ ẹ̀yà Bachama ní Òkè Ọya ni ìyá rẹ̀, Kàdúná ni wọ́n sì ti bí i ní 1936. Òun ni olórí ẹ̀ka ọmọ ogun tí wọ́n ń pè ní Third Marine Commando. Ojú omi ni wọ́n gbà gba Bonny ní oṣù keje ọdún 1967, wọ́n gba Calabar ní oṣù kẹwàá ọdún náà, wọ́n sì gba Port Harcourt ní oṣù karùn-ún ọdún 1968. Black Scorpion ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí nígbà náà, ìyẹn Àkekèé Dúdú. Ní 1969 ni Ọlúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kúrò nínú iṣẹ́ ológun ní 1974, ó sì dágbére fáyé ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2014. Ẹ wo ọdún wọn dáadáa: Fájuyì ti wà nínú sàréè fún nǹkan bí ọdún kan kí ọkọ̀ ogun tó gúnlẹ̀ sí Bonny.

Ohun tí ó ń tú àwọn ọmọ yín ká ni ibi tí orúkọ náà jókòó sí. Orúkọ tí wọ́n sọ Fájuyì fúnra rẹ̀ ni Adékúnlé, nígbà tí ó jẹ́ pé orúkọ ìdílé ni ó jẹ́ fún Benjamin. Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ àti ilé iṣẹ́ ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè orúkọ ìdílé lọ́wọ́ wa, orúkọ bàbá tàbí ti bàbá bàbá ni ọ̀pọ̀ ilé fà kalẹ̀. Báyìí ni orúkọ tí ó jẹ́ ti ọmọ kan ṣoṣo nínú ilé kan ṣe di ti tọmọdé-tàgbà nínú ilé mìíràn. Ẹ̀yin ẹ ya pátákó yín sí ọ̀nà mẹ́rin: orúkọ àbísọ, orúkọ ìdílé, ìlú, ọdún tí a bí i àti ọdún tí ó kú. Kí àwọn ọmọ fi ọwọ́ ara wọn kọ ti ẹnì kọ̀ọ̀kan sí i. Àríyànjiyàn náà yóò parí kí aago tó lù.

Nígbà tí ẹ bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ fi ẹnì kẹta kún un. Michael Adékúnlé Ajáṣin, ọmọ Ọ̀wọ̀, ni a bí ní 1908, ó sì kú ní 1997. Olùkọ́ bí i tiyín ni, kò fìgbà kan ṣe ológun. Òun ni gómìnà ìpínlẹ̀ Òndó àtijọ́ láti 1979 sí 1983, orúkọ rẹ̀ ni yunifásítì tí ó wà ní Àkùngbá-Àkókó sì ń jẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ kan máa ń rò pé Fájuyì ni wọ́n fi yunifásítì yẹn sọrí. Rárá o. Ní ti Adekunle Gold tí àwọn ọmọ yín yóò dárúkọ dandan, Kòsọ́kọ́ ni orúkọ ìdílé rẹ̀. Gold jẹ́ orúkọ tí ó fi ń kọrin.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi tí ó jẹ́ lọ́yà sọ fún mi pé Bọ́lá tí ó ṣe mínísítà ètò ìdájọ́ ni ó tún lọ ṣe adájọ́ ní Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé ní Hague. Mo ní mo mọ Bọ́lá Ìgè láti ìgbà tí ó ti jẹ́ gómìnà wa, kò ṣe adájọ́ rí. Ọmọ náà ní mi ò mọ̀ ọ́n ni. Ẹ bá wa dá sí i. (Bàbá kan tí ó ti fẹ̀yìn tì, Òkè Báálẹ̀, Òṣogbo)

ÌDÁHÙN: Bàbá, ẹ kú ilé. Ẹ̀yin jàre lórí Bọ́lá Ìgè, ọmọ yín náà sì jàre lórí Bọ́lá tirẹ̀. Nínú gbogbo àwọn tí a kọ̀wé lé lórí ní oṣù yìí, àwọn méjì yìí ni ó ṣòro jù láti yà sọ́tọ̀, nítorí pé orúkọ wọn kọ lu ara wọn, iṣẹ́ wọn sì tún kọ lu ara wọn.

Orúkọ Ìgè ní kíkún ni James Ajíbọ́lá Ìdòwú Ìgè. Bọ́lá tí a ń pè é, láti inú Ajíbọ́lá ni. Ẹnì kejì ni Ọmọọba Bọ́lá Ajíbọ́lá, tí Ajíbọ́lá jẹ́ orúkọ ìdílé fún. Lọ́yà ni àwọn méjèèjì, àwọn méjèèjì ni ó sì ti jókòó sórí àga mínísítà ètò ìdájọ́ Nàìjíríà. Ta ni kò ní ṣì wọ́n mú?

Ọmọ Ẹ̀sà-Òkè ni Ìgè, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Zaria ni wọ́n ti bí i ní 1930. Ó jẹ́ gómìnà ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ láti 1979 sí 1983, nígbà tí Òṣogbo ṣì wà lábẹ́ Ọ̀yọ́. Ọdún 1991 ni wọ́n tó dá ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀. Nígbà tí ìjọba alágbádá padà dé ní 1999, ó di mínísítà tí ó ń rí sí iná mànàmáná, wọ́n sì gbé e lọ sí ti ètò ìdájọ́ ní 2000. Orí ipò yẹn ni ó wà tí àwọn apànìyàn fi wọlé tọ̀ ọ́ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 23 oṣù kejìlá ọdún 2001, tí wọ́n sì yìnbọn pa á. Títí di òní olónìí, a kò tíì rí ẹni tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi ikú náà, ọ̀rọ̀ yìí sì ń dun gbogbo ilẹ̀ Ọ̀ṣun.

Ọmọ Òwu ní Abẹ́òkúta ni Ajíbọ́lá, tí wọ́n bí ní 1934. Ìjọba ológun Babangida ni ó bá ṣiṣẹ́ mínísítà ètò ìdájọ́ láti 1985 sí 1991. Ibẹ̀ ni ó ti bọ́ sí Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé, ó sì ṣe adájọ́ níbẹ̀ títí di 1994. Òun náà ni ó dá yunifásítì Crescent sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ó kú ní oṣù kẹrin ọdún 2023.

Bàbá, ẹjọ́ Bakassi ni ó pa wọ́n pọ̀ lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ilẹ̀ Cameroon gbé Nàìjíríà lọ sí Hague ní 1994, wọ́n sì dá ẹjọ́ náà ní oṣù kẹwàá ọdún 2002. Ìgè wà lára àwọn mínísítà ètò ìdájọ́ tí ẹjọ́ náà bá lórí oyè, àmọ́ ó ti kú kí wọ́n tó dá a. Ajíbọ́lá ní tirẹ̀ ni Nàìjíríà yàn láti bá àwọn adájọ́ jókòó lórí ẹjọ́ kan náà, ó sì wà lára àwọn tí kò fara mọ́ ìdájọ́ tí ó gbé Bakassi fún Cameroon. Ẹni tí ó bá ka ìwé ìròyìn ìgbà náà wéréwéré yóò rí Bọ́lá, yóò rí Ajíbọ́lá, yóò rí mínísítà ètò ìdájọ́, yóò sì so gbogbo rẹ̀ mọ́ ọrùn ẹnì kan. Ẹ bá wa kí lọ́yà náà.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé ẹbí ni Bísí Ọnàbánjọ àti Bísí Àkàndé? Gómìnà ni àwọn méjèèjì, ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀ sì ni àwọn méjèèjì. (Òǹkàwé kan, Ìgbónà, Òṣogbo)

ÌDÁHÙN: Wọn kì í ṣe ẹbí. Ọlábísí ni ti Ọnàbánjọ, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, akọ̀ròyìn tí ó di gómìnà Ògùn láti 1979 sí 1983. Adébísí ni ti Àkàndé, ọmọ Ìlá-Ọ̀ràngún, gómìnà wa ní Ọ̀ṣun láti 1999 sí 2003. Ìgékúrú ni ó bo ìyàtọ̀ náà mọ́lẹ̀. Ó tilẹ̀ máa ń bo ọkùnrin àti obìnrin pẹ̀lú: Bísí Silva tí ó dá ibùdó iṣẹ́ ọnà òde òní sílẹ̀ ní Èkó ní 2007, tí ó sì kú ní 2019, obìnrin ni, àmọ́ a ti rí ibi tí wọ́n ti pè é ní ọ̀gbẹ́ni.

ÌBÉÈRÈ: Bàbá wa àgbà sọ fún wa pé ọmọ Òṣogbo ni Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther. Mo tún rí ìwé kan lórí ìtàn àwọn ajíhìnrere tí Àjàyí kọ. Ṣé Bíṣọ́ọ̀bù náà ni ó kọ ọ́? (Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Ìta-Olókan, Òṣogbo)

ÌDÁHÙN: Ó wu àwa náà kí ó jẹ́ tiwa, ọmọ wa, ṣùgbọ́n Òṣoògùn ni ìlú rẹ̀, ní apá Ìsẹ́yìn ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ òní, kì í ṣe Òṣogbo. Níbẹ̀ ni àwọn akónilẹ́rú ti kó o ní 1821. Ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ ẹrú tí ó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀ ní 1822, wọ́n sì gbé e lọ sí Sierra Leone. Nígbà tí ó ṣe ìrìbọmi ní 1825, ó gba orúkọ Samuel Crowther, tí ó jẹ́ orúkọ àlùfáà kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà, bí o bá rí Samuel Crowther nínú ìwé ìjọ tí ó ti pẹ́ ju ọdún yẹn lọ, òyìnbó náà ni. Àjàyí di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, ó sì kú ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn ọdún 1891.

Ẹni tí ó kọ ìwé tí o rí ni J. F. Adé Àjàyí, ọmọ Ìkọ̀lé-Èkìtì, onímọ̀ ìtàn tí a bí ní 1929, tí ó sì jẹ́ gíwá Yunifásítì Èkó láti 1972 sí 1978. Ìwé náà bẹ̀rẹ̀ láti 1841, ó sì dúró ní 1891, ọdún tí Crowther kú. Àjàyí kan ni ó kọ ìtàn ìgbà ayé Àjàyí kejì. Ẹ sọ fún Bàbá àgbà jẹ́jẹ́.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin ará ilé wa, ṣé òótọ́ ni pé Táíwò wa tí ó ń yàwòrán níbí ni ó ya àsíá Nàìjíríà? Àwọn àlejò tí ó ń wá ra aṣọ máa ń bi mí, mi ò sì fẹ́ parọ́ fún wọn. (Ìyá aláàdìrẹ kan, Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, Òṣogbo)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ọjà, Ìyá wa. Kì í ṣe òun. Michael Táíwò Akínkúnmi ni ó ya àsíá. Ìbàdàn ni wọ́n ti bí i ní 1936. Akẹ́kọ̀ọ́ ni ó jẹ́ ní London nígbà tí ó rí i nínú ìwé ìròyìn pé wọ́n ń wá ẹni tí yóò ya àsíá fún orílẹ̀-èdè tí ó fẹ́ gba òmìnira. Àwọ̀ ewé, funfun, àwọ̀ ewé ni ó yà, ó sì fi oòrùn kan tí ó ní ìtànṣán pupa sí àárín funfun náà. Ìgbìmọ̀ tí ó yan iṣẹ́ rẹ̀ yọ oòrùn kúrò, wọ́n sì ta èyí tí ó kù sókè ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 1960. Iṣẹ́ ìjọba ní ẹ̀ka ètò ọ̀gbìn ní Ìbàdàn ni ó padà wá ṣe, ó sì kú ní oṣù kẹjọ ọdún 2023.

Táíwò tiwa ni Táíwò Ọláníyì, ẹni tí ayé mọ̀ sí Twins Seven-Seven. Ọmọ Ògìdì ní ilẹ̀ Ìjùmú ni, wọ́n bí i ní 1944, ó sì máa ń sọ pé ìbejì méje ni ìyá òun bí, tí òun nìkan ṣoṣo sì yè nínú gbogbo wọn. Ijó ni ó gbé e wọ Mbárí Mbáyọ̀, ibùdó tí Dúró Ládiípọ̀ àti Ulli Beier dá sílẹ̀ ní Òṣogbo níbí ní 1962. Ní 1964, Georgina Beier ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀, ìgbà náà ni ọwọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin yìí sì kan kálàmù àti yíǹkì. Bí àwọn àlejò yín bá dúró níwájú iṣẹ́ rẹ̀, ẹ ní kí wọ́n sún mọ́ ọn: ìlà wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ ni ó fi kún gbogbo ara ejò, ẹyẹ àti iwin, kò sí àyè tí ó ṣófo, nígbà mìíràn ó máa ń gé pákó pẹlẹbẹ, á sì tò wọ́n léra wọn kí àwòrán lè yọ síta. Àjọ UNESCO fi oyè ayàwòrán fún àlàáfíà dá a lọ́lá ní 2005. Ìbàdàn ni ó kú sí ní 2011.

Àwọn orúkọ bí Táíwò kò lè ṣàì pọ̀, nítorí pé àmútọ̀runwá ni, kò sì sí ẹ̀yà tí ìbejì pọ̀ láàrin wọn tó bí ó ti pọ̀ láàrin àwa Yorùbá. Ó tilẹ̀ ti rékọjá òkun: Kehinde Wiley, tí ó ya àwòrán Obama tí wọ́n gbé kọ́ sí Washington ní 2018, ìbejì ni, ọmọ Nàìjíríà sì ni bàbá rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Mo ka ìwé Olúfẹ́mi Táíwò tí ó ní ariwo tí a ń pa lórí ìtúsílẹ̀ kúrò nínú ìrònú amúnisìn ti pọ̀ jù. Mo tún ka òmíràn tí ó ní kí wọ́n san gbèsè òwò ẹrú àti ìjọba amúnisìn fún wa. Ọdún 2022 kan náà ni àwọn ìwé náà jáde. Kí ló dé tí ó ń tako ara rẹ̀? (Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Òkè-Báálẹ̀, Òṣogbo)

ÌDÁHÙN: Kò tako ara rẹ̀, ọ̀rẹ́ wa, nítorí pé ẹni méjì ni wọ́n. Onímọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò ni àwọn méjèèjì, Amẹ́ríkà ni àwọn méjèèjì ti ń kọ́ni, orí Áfíríkà àti ìjọba amúnisìn ni àwọn méjèèjì sì máa ń kọ̀wé lé. Èyí ẹ̀gbọ́n kẹ́kọ̀ọ́ ní Ifẹ̀ kí ó tó lọ gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Toronto. Yunifásítì Cornell ni ó ti ń kọ́ni, òun ni ó sì ni ìwé Against Decolonisation. Ohun tí ó ń bá wa jà lé lórí ni pé bí a bá ń sọ gbogbo ohun tí ó ti òkèèrè wá di ẹrù amúnisìn, a ń gba agbára yíyàn kúrò lọ́wọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n fi ojú ara wọn wò ó, tí wọ́n sì mú un. Èyí àbúrò, tí ó gba oyè tirẹ̀ ní UCLA, tí ó sì ń kọ́ni ní Georgetown, ni ó ni Reconsidering Reparations àti Elite Capture. Ní tirẹ̀, sísan gbèsè náà gbọ́dọ̀ jẹ́ títún ayé kọ́, ó sì so ó mọ́ ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ tí ó ń yí padà, nítorí pé àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lánàá ni ìyípadà náà ń pọ́n lójú jù lónìí.

Lẹ́tà kan ṣoṣo ni ó wà láàrin wọn lórí èèpo ìwé: àbúrò máa ń kọ orúkọ rẹ̀ ní Olúfẹ́mi O. Táíwò. Bí o bá ń kọ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ rẹ, má ṣe jẹ́ kí O yẹn bọ́ sílẹ̀, kí o sì kọ orúkọ yunifásítì ẹnì kọ̀ọ̀kan sí i nígbà àkọ́kọ́ tí o bá dárúkọ rẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, ìwọ náà lè wá kọ orí kan tí ó dára lórí ibi tí èrò wọn ti pàdé àti ibi tí ó ti yapa. Inú wa yóò dùn láti kà á.

ÌBÉÈRÈ: Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mò ń ṣe. Oníbàárà kan ní kí n kọ "Ọba Láróòyè" lásán sínú ìwé ètò kan, kí n yọ "Kejì" kúrò nítorí àyè. Ṣé ó bójú mu? (Atẹ̀wé kan, Alékùwodò, Òṣogbo)

ÌDÁHÙN: Kò bójú mu rárá. Láróòyè àkọ́kọ́ ni ìtàn ìlú so mọ́ Olútìmẹ́hìn ọdẹ àti ìtẹ̀dó Òṣogbo létí odò Ọ̀ṣun. Láróòyè Kejì ni Ọba Jímọ̀ Oyètúnjí Ọláníipẹ̀kun, tí ó gorí ìtẹ́ Àtáọ́ja ní 2010 lẹ́yìn tí Ọba Ìyíọlá Oyèwálé, Mátànmí Kẹta, wàjà. Bí àyè kò bá tó, ẹ dín ìwọ̀n lẹ́tà kù, tàbí kí ẹ yọ àwòrán òdòdó tí ó wà ní igun ìwé.